Orúkọ Keje Ilé Olóòrẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ na ẹsẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń bó ẹ̀gúsí tí etí yín sì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí yóò bá tutọ́, kí ó tu ú nísinsìnyí, nítorí ìtàn ọdẹ dà bí omi tí a rù láti odò jíjìn: bí ẹ bá dá ẹni tí ó rù ú dúró lọ́nà, díẹ̀ a dànù. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ìdó-Apá, ìlú tí ó jókòó lẹ́bàá odò Ọ̀yìnrìn ní ilẹ̀ ọba Òdòmù. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́rin. Èmi àti ẹkùn ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì, a kí ara wa, olúkúlùkù sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kò pa ohunkóhun níbẹ̀. Orúkọ kan ni mo wá lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n to ilé fún yín bí a ti ń to igi àjà. Ní Òdòmù, kò sí ẹni tí ó ń dá nìkan jẹ́ ènìyàn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojúlé, ojúlé wà nínú agbo ilé, agbo ilé wà lábẹ́ òpó kan, òpó náà sì wà ní gbọ̀ngàn ààfin Olódòmù. Òpó mọ́kànlélógójì ló gbé òrùlé gbọ̀ngàn náà ró, òpó kan fún ìdílé kan, igi apá tí ìdílé kọ̀ọ̀kan gé tí wọ́n sì fi èjìká ara wọn rù wá. Ní ọdún méjìlá méjìlá, nígbà tí iṣu tuntun bá jáde, baálé kọ̀ọ̀kan yóò gbé ọwọ́ lé òpó rẹ̀, yóò fi ohùn jẹ́jẹ́ ka orúkọ àwọn baba rẹ̀ sétí Olóòpó, ìjòyè tí ń ṣọ́ gbọ̀ngàn, títí yóò fi dé orí ẹni tí ó dá ìdílé sílẹ̀. Tiwa jẹ́ méje. Ìdílé tí kò bá kà á pé, wọn yóò hú òpó rẹ̀, wọn yóò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dí, àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò sì máa gba ẹnu ọ̀nà ìdílé mìíràn wọlé bí àlejò títí ayé.

Ilé Olóòrẹ̀ ni wọ́n ń pè wá, a kì í sì í jẹ òòrẹ̀. Oríkì wa sọ ìdí rẹ̀: ọmọ òòrẹ̀ sá fúnná, ọmọ ènìyàn sá fúnná, wọ́n fi ihò kan ṣe ilé. Ojúlé mẹ́tàdínlógún ló yí àgbàlá wa ká, n kò sì tíì gbàgbé ọ̀kan nínú wọn. Láàárọ̀, kí n tó mú apó àti ọfà, mo máa ń rìn yí i ká láti ọwọ́ ọ̀tún, mo ń ka ẹni tí ó sùn sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, mo sì ní okùn kan tí mo ń ta kókó sí: kókó nínípọn fún ọmọ bíbí ilé, kókó tínínrín fún ìyàwó ilé, kókó méjì fún ìbejì. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo kàn rí i pé ohun tí a kò bá kà ni ó máa ń sọnù. Títí di òní, bí mo bá pa ojú dé, mo ń gbọ́ ariwo àgbàlá yẹn: ìgbálẹ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti àwọn ìyàwó tí ń fi ẹ̀fẹ̀ kí àwọn ọmọdé, "Baba-kékeré, ẹ káàárọ̀ o. Eyín-mẹ́nugún, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ọmọ tí wọ́n ń kí báyẹn, ikun ń dà nímú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín. Àwa mọ̀ pé àgbà ilé kì í ṣe ti irun funfun, ti ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé ni. Ìyàwó tí a gbé wọlé lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni ogójì ọdún, ìkókó tí a bí lánàá jù ú lọ nínú ilé yẹn. Gbogbo ẹni tí ó bá nílé, ìbáà jẹ́ alààyè, ìbáà ti di ará ọ̀run, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Yóò fún un ní orúkọ ẹ̀yẹ tirẹ̀ ni. Èyí tí ó bá pe orúkọ náà, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò padà sí, a ó sì yọ àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nínú kíka.

Níbẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ wa ti yọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, Láníhùn, ló ka orúkọ kẹ́yìn ní ààfin. Igi wó lù ú lóko, kò sì rí àyè fi orúkọ keje lé ẹ̀gbọ́n mi, Ìgè, tí ó jẹ baálé lẹ́yìn rẹ̀, lọ́wọ́. Ẹni kan ṣoṣo tí ó tún mọ̀ ọ́n ni ìyàwó Láníhùn, Ìyá Àwẹ̀ró, tí ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún. Ní ọdún kíka, Ìyá Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde mọ́.

Ìgè jókòó tì í, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣáà sọ ọ́. A ó fi ewúrẹ́ tu àwọn ará ọ̀run lójú."

Ìyá Àwẹ̀ró ní, "Ìgè, èmi ni mo wẹ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ, nítorí náà mo lè pè ọ́ ní Ìgè kí n sì sọ pé o gọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Osùn ni mo ń pe ẹni yẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. Ṣé o fẹ́ kí n fi ẹnu tí ó já orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ ni?"

"Kí ni ká wá ṣe?"

"Ẹ lọ bi ẹni tí wọ́n jọ sá fún iná."

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kẹ́yìn nìyẹn. A sin ín tán, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí kíka pé. Ìgè wò mí, mo wo Ìgè. Èmi ni ọdẹ. Mo kọjá sí abà wa ní òdìkejì odò, níbi tí ìyàwó mi, Àṣàbí, ti ń wa iṣu pẹ̀lú oyún tí ó ti wọ oṣù rẹ̀. Ó ṣa iṣu méjìlá tí kòkòrò kò kàn fún mi.

Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ má fi ọwọ́ òfo wọlé ọlọ́wọ̀ o. Ẹ sì tètè bọ̀, ẹni tí ó wà nínú mi yìí kò ní sùúrù."

Mo rìn ní ọjọ́ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, àparò kan tí ó ń jẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà gbójú sókè, ó ní, "Ọdẹ́rìndé, iṣu lo rù wá sí igbó ọdẹ. Ṣé o fẹ́ fi se àsáró fún ẹran kí o tó ta á lọ́fà ni?"

Mo ní, "Ìbátan ni mo wá kí. Àwọn òòrẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí eruku fi bo ìyẹ́ rẹ̀. "Níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń kí àlejò tí kò mọ̀wà hù. Ya sọ́wọ́ òsì níbi òkúta tí ó jọ obìnrin tí ó pọnmọ, kí o sì fi ọfà sílẹ̀ lóde."

Mo ṣe bí ó ti wí. Ihò náà kò tóbi ju ẹnu ìkòkò àgbo lọ. Mo bọ́ ẹ̀wù ọdẹ, mo ká èjìká mi kò, mo sì ka oríkì ilé wa sẹ́nu rẹ̀. Ihò náà wọ̀n mí wò, ó sì gbà mí. Ní inú, ó fẹ̀ bí àgbàlá. Ojúlé yí i ká, ilẹ̀ rẹ̀ dán bí èyí tí a fi ìgbẹ́ màlúù pa, òòrẹ̀ méjìlá sì jókòó yí ká, wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan nínú wọn tóbi bí àgbò, gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀ funfun bí irùngbọ̀n àgbà. Mo sọ fún ara mi pé baálé nìyí. Mo mú iṣu tí ó tóbi jù, mo kúnlẹ̀, mo gbé e síwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ohùn tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ìdì ọfà méjìlá bá já lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn yí ẹ̀yìn sí mi, ẹ̀gún sì dúró ṣánṣán. Arúgbó funfun náà ló bínú jù.

Ó ní, "Ọkùnrin yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o fi fẹ́ kí wọ́n lé mi nílé ọkọ? Gbé iṣu rẹ kúrò níwájú mi." Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba fún òòrẹ̀ kékeré kan tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, tí erùpẹ̀ wà nímú rẹ̀, ó ní, "Baba-kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ará òkè ni, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀kọ́ ilé níbẹ̀."

Ojú tì mí bí ẹni tí ó fẹ́ kí ilẹ̀ là kí òun wọ̀ ọ́ lọ, àmọ́ mo ti wà nínú ilẹ̀ náà. Èmi tí mo ń fi okùn ka ilé, èmi tí àwọn ìyàwó ilé wa ń pe ìkókó ní baba lójú mi lárààárọ̀, mo dé ilé onílé mo sì fi irun wá àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú èyí tí ó kéré jù yẹn.

Mo ní, "Baálé, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n tún un pín." N kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́. Mo ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, mo ń bi í pé, "Ta ni ẹ bá nílé nígbà tí ẹ dé?" Bí wọ́n ti ń dá mi lóhùn ni mo ń ta kókó, nígbà tí kókó sì pé méjìlá, mo pín iṣu méjìlá. Ti arúgbó funfun ló kẹ́yìn. Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀gún rẹ̀ sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Baálé kékeré náà bu iṣu rẹ̀ jẹ, ó nu ẹnu. Ohùn tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ ohùn àgbàlagbà. "Iṣu Ilé Olóòrẹ̀ dùn ju ti Ilé Ẹlẹ́tù, aládùúgbò yín, lọ. A mọ̀, a ti tọ́ méjèèjì wò nínú oko yín. Ọdẹ́rìndé, obìnrin tí o kọ́kọ́ fún ní iṣu, ìyàwó bàbá mi ni. Òjò ọdún kan péré ló tíì rọ̀ lé e lórí nínú ilé yìí, èmi sì ti rí méjì kí bàbá mi tó kú. Ó mọ orúkọ tí o ń wá, kò kàn lè pè é ni, nítorí pé ó bá orúkọ náà nílé. Èyí tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ló lè pè. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Ta ni ẹ wá fi orúkọ sí lọ́wọ́?"

Mo tẹ orí ba.

Ó wá sọ ìtàn náà fún mi: bí iná igbó ṣe lé ọkùnrin kan àti baba ńlá àwọn òòrẹ̀ wọ inú ihò yìí, bí àwọn méjèèjì ti fi ẹsẹ̀ wọn tí iná bó sínú ẹrẹ̀ pupa, bí òjò ti dé nígbà tí wọ́n ti gba kámú. Orúkọ tí ọkùnrin náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ jóná mọ́ ilé bàbá rẹ̀, ó sì mú orúkọ tuntun jáde nínú ihò. Baálé kékeré sún mọ́ etí mi, ó sọ ọ́.

Ó ní, "Yóò bá ọ rìn fún ìwọ̀ oòrùn mẹ́ta. Bí ẹ̀kẹta bá wọ̀ tí o kò tíì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, yóò padà wá sílé wa. Ibi tí o bá sì ti gbé e sílẹ̀, kò ní sí lẹ́nu tìrẹ mọ́. Fi lé ọmọ bíbí ilé lọ́wọ́."

Mo jáde. Mo rò pé ọjọ́ kan ni mo lò lọ́hùn-ún, àfi bí òṣùpá ti fi hàn mí pé mẹ́ta ni. Kíka ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo sáré bí ẹni tí oyin ń lé, n kò sùn, mo ń jẹ orúkọ náà lẹ́nu bí obì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta mo dé etí Ọ̀yìnrìn, odò sì ti kún bo igi. Ọkọ̀ wà ní òdìkejì, ọlọ́kọ̀ ti lọ sílé. Mo kígbe pe ìlú títí ohùn mi há, omi ń gbé e lọ. Oòrùn ti pupa, ó ti fi àgbọ̀n lé orí igi. Nígbà náà ni Àṣàbí jáde láti inú abà pẹ̀lú ọmọ tuntun lápá.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ọkùnrin ni. Ọ̀la ló pé ọjọ́ mẹ́jọ." Ó wo ojú mi. "Kí ló dé?"

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé e wò. Bí mo bá dákẹ́, orúkọ náà lọ. Ọmọ bíbí ilé kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ẹnu tí èèwọ̀ dì ni mo tún sọ ọ́ sí, bí a ti ṣe pẹ̀lú Ìyá Àwẹ̀ró. Oòrùn ku bí èékánná. Mo sọ ọ́ sí Àṣàbí létí. Bí mo ti sọ ọ́ tán, orí mi fúyẹ́ bí igbá tí a da omi inú rẹ̀ nù, mo sì ń wò ó lẹ́nu bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Àṣàbí jókòó sórí ebè. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ ti sọ mi di Ìyá Àwẹ̀ró, n kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún."

Mo ní, "Kí ni ǹ bá ṣe?"

Ó gbé ọmọ náà sí èjìká, ó dìde. Ó ní, "Ẹ wá jẹun."

Ọlọ́kọ̀ gbé wa kọjá láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìgè ti wọ aṣọ òfì rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Ó wà lẹ́nu Àṣàbí."

Ìgè fi ọwọ́ di ìlẹ̀kùn mú. Àwọn kan nínú ilé ní kí a bẹ Àṣàbí kó sọ ọ́, ó kàn jẹ́ orúkọ kan ni. Ìgè yíjú sí wọn. "Kí ó sọ ọ́, kí a lé e lọ, kí a yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú kíka? Bí a bá ta ará ilé láti ra òpó, kí ni òpó náà ń gbé ró? Ẹ jẹ́ ká lọ gba ìtìjú wa." Títí tí n ó fi kú, n ó máa rántí ẹ̀gbọ́n mi bí ó ti dúró lọ́jọ́ yẹn.

Gbọ̀ngàn ti kún nígbà tí a dé. Olódòmù wà lórí ìtẹ́. Ilé Ẹlẹ́tù kà tán, baálé wọn, Ṣóyèjú, sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo òpó wa bí ẹni tí ó ń wọn igi ìdáná. Ìgè gbé ọwọ́ lé e. Ó ka Ọdẹ́ṣínà bàbá wa, ó ka Látúbọ̀sún, Ọ̀pádìran, Akínbòdé, Ọ̀jẹ́gbèmí, Abọ́rìṣàdé. Ó dákẹ́. Olóòpó dúró. Ó dúró títí ó fi sú àwọn tí ó jókòó. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sókè, ọkùnrin méjì tí ó mú ọkọ́ lọ́wọ́ sì sún mọ́ ìdí òpó. Ọkọ́ àkọ́kọ́ balẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú egungun mi.

Àṣàbí dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó tú ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e wá síwájú, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. N kò wá ka ilé, kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ọmọ mi pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ kí wọ́n tó mọ ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ dí. Èmi kò bá ọmọ yìí nílé. Òun ló bá mi. Mo lè pè é." Ó fi ẹnu kan iwájú orí ọmọ náà. "Òjògbàmílà. Òjògbàmílà, ọmọ Olóòrẹ̀, jí, wọ́n ń ka ilé yín."

Ọmọ náà sín.

Ṣóyèjú ti fò dìde. "Ìyàwó ilé pe orúkọ baba ọkọ. Gbogbo wa la gbọ́."

Ìyá àgbà kan láti ilé mìíràn dá a lóhùn láti ibi tí ó jókòó. "Baba ọkọ dà? Ìkókó ni mo rí níwájú mi. Ṣóyèjú, ṣé ìwọ náà kì í pe ọmọ rẹ lórúkọ ni?" Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ojú Ṣóyèjú ṣú.

Ìgè kò rẹ́rìn-ín. Ó yí padà sí òpó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó sì ka orúkọ keje sétí Olóòpó, nítorí òun jẹ́ ọmọ bíbí ilé, ó sì ti gbọ́ ọ báyìí. Olóòpó wo Olódòmù. Ó ní, "Ó pé."

Olódòmù ní, "Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lónìí, ọmọ ni a wò kí a tó rántí ilé. Ẹ fi erùpẹ̀ padà sídìí òpó náà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

A fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa, ọkùnrin, obìnrin, títí ilẹ̀ fi le.

Láti ọjọ́ náà ni Ìgè ti ṣòfin ní ilé wa pé bí a bá gbé ìyàwó wọlé, a ó ka orúkọ méjèèje sétí rẹ̀ lójú gbogbo ilé, ọmọ àkọ́bí rẹ̀ yóò sì kà á padà fún wa bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀. Èèwọ̀ wà síbẹ̀, a kò já a. Ṣùgbọ́n a kò tún fi ìrántí pamọ́ sí ẹnu tí àwa fúnra wa ti dì, kí a wá dúró ti ibùsùn ikú máa bẹ̀ ẹ́ pé kó là.

Ilé anìkàngbé ni ẹ ń kọ́ nísinsìnyí, ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ló ń dún láàárọ̀. N kò bá yín jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé obìnrin tí ń dáná nílé yín mọ ohun kan nípa yín tí ẹ kò tíì bi í. Àárẹ̀ ti mú mi, ẹ sì ti ṣe sùúrù fún arúgbó. Mo kí yín, ojúlé kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, kó bi í léèrè nígbà tí ó ṣì lè dáhùn.